Bí A Ṣe Ń Tọpa Àwọn Tó Kọ́kọ́ Tẹ̀dó àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ìwé Káúńtì ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ káúńtì ni ìwé wà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ka èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilẹ̀, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó gbàṣẹ láti ṣí ilé èrò, ẹni tó kú tí wọ́n ta irinṣẹ́ rẹ̀ ní gbàǹjo, ilé ẹjọ́ káúńtì ni orúkọ gbogbo wọn wà. Káúńtì yìí fẹ́ jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àmọ́ iṣẹ́ ìwé tó ń ṣe pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì.

Àwọn ará wa tó ń gbé lọ́hùn-ún ni mo ní lọ́kàn, pàápàá àwọn tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tí ẹ bí ń gbọ́ oríkì ẹ̀yìn baba láti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì. Bó bá béèrè ti ẹ̀yìn ìyá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju oko ẹrú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, aránbàtà wà níbẹ̀, ẹni tó tẹ ìlú dó wà níbẹ̀, ìwé wọn sì ń bẹ títí dòní.

Pike County ní ìpínlẹ̀ Illinois ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni Frank McWorter, tí wọ́n ń pè ní Free Frank, ti tẹ ìlú New Philadelphia dó ní 1836. Inú oko ẹrú ní South Carolina ni wọ́n bí i sí ní 1777. Nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Kentucky, ó ń fi àkókò tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ olówó rẹ̀ wa èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, ó sì ń tà á. Owó yẹn ló fi ra òmìnira Lucy ìyàwó rẹ̀ ní 1817 ní 800 dọ́là, ó sì ra ti ara rẹ̀ ní 1819 ní iye kan náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà tó ya ilẹ̀ ìlú, tó sì fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣáájú ogun abẹ́lé wọn. Ìwé káúńtì ló jẹ́ kí a mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alààyè

Ẹ má fò lọ bá 1830. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, màmá àgbà, àbúrò bàbá. Ẹ béèrè orúkọ, ọdún, ìlú, ìjọ tí wọ́n ń lọ, ibi tí wọ́n sìnkú sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí ìwé tó so ọmọ mọ́ bàbá kí ẹ tó sún sí èyí tó kàn. Ẹni tó bá fò lọ sókè máa ń bá ìdílé olórúkọ kan náà pàdé, á sì máa ki oríkì onílé fún àlejò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ káúńtì tí ibẹ̀ jẹ́ ní ọdún náà

Ààlà káúńtì kì í dúró lójú kan. Nígbà tí wọ́n dá Pike County sílẹ̀ ní 1821, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní àríwá àti ìwọ̀-oòrùn odò Illinois ló wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí Chicago wà lónìí pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gé káúńtì mìíràn kúrò lára rẹ̀. Olú káúńtì pàápàá ṣí kiri: ó kọ́kọ́ wà ní Coles Grove, tó wà ní Calhoun County báyìí, ó lọ sí Atlas, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Pittsfield ní 1833. Ìwé kì í sábà bá ààlà rìn. Èyí tí wọ́n kọ ní 1823 ṣì lè wà ní káúńtì ìyá, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ káúńtì ọmọ.

Ilé ìkàwé Newberry ní Chicago ní máàpù ààlà káúńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ọjọ́ àti ìpínlẹ̀ wá a, ẹ ó rí bí ààlà ṣe rí lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí káúńtì kankan.

Ẹ ṣọ́ orúkọ ìlú pẹ̀lú. Ní 1869, ọkọ̀ ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ New Philadelphia kọjá, kò yà síbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, nígbà tó sì di 1885 wọ́n ti yọ apá kan ìlú náà kúrò nínú ìwé. Ẹni tó bá ń tẹ orúkọ ìlú yẹn nìkan sínú kọ̀ǹpútà kò ní rí àwọn ọmọ ibẹ̀, torí abẹ́ Hadley Township, tó jẹ́ apá kan nínú Pike County, tàbí ìlú Barry ni wọ́n kọ wọ́n sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé ìkànìyàn, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti kọ́kọ́ hàn

Láti 1790 ni Amẹ́ríkà ti ń ka èèyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá. Títí di 1840, orúkọ baálé nìkan ni wọ́n ń kọ, ìyókù jẹ́ ònkà. Ṣùgbọ́n ìwé 1820 àti 1840 ní ibi tí wọ́n ti kọ iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀, òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé. Bí ẹ bá rí ẹnì kan lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní 1840, ẹ ti rí okùn kan dìmú.

1850 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lómìnira, ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n bí wọn sí, iye tí ilẹ̀ wọn tó, àti iṣẹ́ ọkùnrin tó bá ti lé lọ́dún 15. Ti 1860 fi iṣẹ́ obìnrin kún un. Ti 1880 sọ bí oníkálukú ṣe jẹ́ sí baálé, ó sì sọ ibi tí wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí. Iná tó jó ní Washington ní 1921 ba ti 1890 jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Lójú ìwé New Philadelphia ní 1850, ẹ ó rí aránbàtà, oníṣòwò, ẹni tí ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí ń ṣe ẹsẹ̀ onígi fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àgbẹ̀ àti oníwàásù, dúdú àti funfun lójú pópó kan náà.

Àwọn tí wọ́n ṣì wà lóko ẹrú kò sí nínú ìwé yẹn. Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún wọn ní 1850 àti 1860: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀, àti orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Orúkọ tiwọn kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni ìwé ìkànìyàn 1870, tó kọ́kọ́ dárúkọ wọn, fi jẹ́ ògiri tí ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú máa ń forí sọ. Ìwé Freedmen's Bureau, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ran àwọn tó bọ́ lóko ẹrú lọ́wọ́, láti 1865 dé 1872, àti ti báńkì Freedman's Savings tó wà láti 1865 dé 1874, wúlò gan-an níbi tí ògiri yẹn wà. Báńkì náà máa ń kọ orúkọ òbí, ọmọ, àti iṣẹ́ ẹni tó fowó pa mọ́.

Lẹ́yìn ti gbogbogbòò, ẹ wá ìwé ìkànìyàn ti àwọn ilé iṣẹ́, láti 1850 dé 1880. Alágbẹ̀dẹ tàbí ọlọ́lọ tí ọjà tó ṣe lọ́dún bá tó 500 dọ́là yẹ kó wà níbẹ̀: iye òṣìṣẹ́, iye irin tó rà, ohun tó ṣe jáde. Ó dùn mí pé àwọn èèyàn máa ń fo èyí. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà gbé ìdílé ró tàbí ẹ̀gbẹ́ oko ló ti ń ṣe é.

Illinois tún ka èèyàn fúnra rẹ̀ ní 1855 àti 1865. Baálé nìkan ló dárúkọ, ṣùgbọ́n ó ń bá wa dí àlàfo tó wà láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ẹ máa ka ogún ilé tó ṣáájú àti ogún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó jọ ń ṣí láti Kentucky máa ń jókòó ti ara wọn ní Illinois. Aládùúgbò lónìí lè jẹ́ àna lọ́la, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ilẹ̀, ilẹ̀, ilẹ̀

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ ráyè ṣe, ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹni tí òfin kò jẹ́ kó jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù, bó bá ti ra ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ àtijọ́ bíi Virginia, Kentucky àti Tennessee, igi, òkúta àti odò ni wọ́n fi ń júwe ààlà. Ní Illinois, Ohio, Indiana àti àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, òfin 1785 pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin: township kan jẹ́ máìlì mẹ́fà ní máìlì mẹ́fà, ó ní section 36, section kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ éékà 640. Ká ní ẹ rí W½ NE¼ Section 27, T4S R5W. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá: township kẹrin sí gúúsù, ìlà karùn-ún sí ìwọ̀-oòrùn, section 27, ìdá mẹ́rin tó wà ní igun àríwá ìlà-oòrùn, ìdajì rẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Éékà 80 nìyẹn. Láti 1820, dọ́là kan àti sẹ́ńtì 25 ni ìjọba ń ta éékà kan, nítorí náà ẹni tó ra éékà 80 san 100 dọ́là.

Ojúlé tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni glorecords.blm.gov, ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ yan ìpínlẹ̀ àti káúńtì, kí ẹ tẹ orúkọ ìdílé. Ẹ ó rí àwòrán ìwé tí ìjọba fi fún ẹni tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Fún Illinois, àkáífù ìpínlẹ̀ ní atọ́ka ọ̀fẹ́ tirẹ̀ fún ilẹ̀ tí ìjọba tà, iye éékà àti iye owó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Pike County wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn sójà tó ja ogun 1812, éékà 160 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà yẹn kò fi ẹsẹ̀ tẹ Illinois rí. Wọ́n ta ìwé náà fún àwọn tí ń fi ilẹ̀ ṣòwò. Nítorí náà orúkọ tó wà lórí ìwé ìjọba lè máà jẹ́ ti ẹni tó gé igbó. Ilẹ̀ tí Free Frank kọ́kọ́ ní ní Illinois, ọwọ́ dókítà kan ní Kentucky ló ti rà á láìtíì fojú rí i. Ìwé tó fi hàn pé ó ti di tirẹ̀, káúńtì ni ẹ ó ti rí i.

Ní káúńtì, ìwé atọ́ka méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ Grantor sí jẹ́ ti àwọn tó tà, Grantee jẹ́ ti àwọn tó rà. Ẹ yẹ méjèèjì wò, láti ọdún tí èèyàn yín dé títí di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, torí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ta ilẹ̀ bàbá ni wọ́n máa ń to orúkọ gbogbo ara wọn, ọkọ àti aya wọn, àti ìlú tí oníkálukú ń gbé. Kò sí ìwé tó ń fi ìdílé hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá ta ilẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sábà máa ń fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun: orúkọ ìyàwó nìyẹn, lọ́dún tí ìwé ìkànìyàn kò tíì máa kọ ọ́.

Ẹ tún béèrè ìwé àwòrán ìlú. Ìwé tí Free Frank fi sílẹ̀ ní 1836 pín éékà 42 sí ojú ilẹ̀ 144. Bí ẹ bá ń tọ ojú ilẹ̀ kan láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ ó mọ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí títì, ìgbà tó rà á, ẹni tó yá a lówó, àti ìgbà tó ṣí kúrò. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ra oko ńlá. Ojú ilẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́bàá ọ̀nà ló máa ń rà, àti pé bí ẹni kan bá ra irú rẹ̀, kí ẹ fura pé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé Kansas tàbí Nebraska ni àwọn èèyàn yín wà, bíi àwọn aláwọ̀ dúdú láti Kentucky tí wọ́n tẹ Nicodemus dó ní Graham County ní 1877, ẹ béèrè fáìlì Homestead lọ́wọ́ National Archives, àkáífù ìjọba àpapọ̀. Òfin 1862 fún èèyàn ní éékà 160 bó bá gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Nínú fáìlì náà ni onílẹ̀ ti sọ bí ilé rẹ̀ ṣe tóbi tó, ohun tó gbìn, ẹni tó ń bá a gbé, àwọn aládùúgbò sì jẹ́rìí sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé ìgbìmọ̀ káúńtì, àti ìwé òmìnira

Ìgbìmọ̀ káúńtì ló ń fúnni láṣẹ láti ṣí ilé èrò, láti fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn sọdá odò, láti ta ọjà. Àwọn ló ń yan ẹni tí yóò bójú tó ọ̀nà. Ọmọ aláìníbaba, wọ́n lè fi í fún ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́. Ìwé àdéhùn náà máa ń dárúkọ ọmọ, ọ̀gá, iṣẹ́, àti ọjọ́ ìgbòmìnira. Ìwé wọ̀nyí kì í sábà ní atọ́ka. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa ṣí.

Fún aláwọ̀ dúdú, ìwé mìíràn tún wà tó ń dunni láti kà, àmọ́ tó níye lórí. Láti 1819, òfin Illinois ní kí aláwọ̀ dúdú tó bá wọlé mú ìwé òmìnira wá fún akọ̀wé káúńtì. Láti 1829, ó tún gbọ́dọ̀ fi 1,000 dọ́là ṣe onídùúró. 1865 ni wọ́n tó fagi lé òfin wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n fi ni wọ́n lára ló di ẹ̀rí fún wa: ọjọ́ orí, àpá ara, ibi tó ti wá, ẹni tó dá a sílẹ̀, ẹni tó dúró fún un. Àkáífù Illinois ní atọ́ka ìwé ìsìnrú àti ìdásílẹ̀ láti 1722 dé 1863, ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní 1837, ilé aṣòfin Illinois ṣe òfin kan fún Free Frank, wọ́n fún un ní orúkọ Frank McWorter, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti rà, láti tà, àti láti pe ẹjọ́. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń wá ẹnikẹ́ni tó ti jẹ́ ẹrú rí: ẹ wá orúkọ tó ń jẹ́ kí ó tó yí i, orúkọ ẹni tó ni ín, àti onírúurú ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. McWorter kan náà lè wà bíi McWhorter.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹrù òkú

Bí ẹnì kan bá kú, kọ́ọ̀tù máa ń rán èèyàn mẹ́ta lọ ka ẹrù rẹ̀, kí wọ́n sì díye lé e. Mi ò mọ ìwé mìíràn tó ń sọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ báyìí. Bí ẹ bá rí anvil, bellows àti tongs, owú, ẹwìrì àti ẹ̀mú nìyẹn: alágbẹ̀dẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ìwé ìkànìyàn pè é. Lasts jẹ́ ẹsẹ̀ onígi tí aránbàtà fi ń mọ bàtà. Staves jẹ́ pákó tí wọ́n fi ń kan àgbá. Ìwé gbàǹjo tó tẹ̀ lé e á sọ ẹni tó ra owú náà. Ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ, àna, tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì ti rí ẹni tó jogún ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo gbèsè pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ òkú lówó jẹ́ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀: ẹni tó fi ẹṣin sílẹ̀ kí ó bá a kan bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹni tó ní kó bá òun ṣe ohun èlò ìtúlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀.

Ìwé ìhágún Free Frank fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó kú ní 1854, fi ohun ìní sílẹ̀ láti fi ra òmìnira àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tó ṣì wà lóko ẹrú. Èèyàn 16 ni òun àti ogún rẹ̀ rà padà, iye owó náà tó bíi 14,000 dọ́là. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ má fi ìwé ìhágún ṣeré.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwé ìtàn káúńtì, ìwé ìròyìn, ibojì

Láàárín 1870 sí 1910, ilé ìtẹ̀wé ń lọ káàkiri, wọ́n ń tẹ ìwé ìtàn káúńtì kọ̀ọ̀kan. Ti Pike County jáde ní 1880. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn tó san owó ṣáájú ni ìtàn ìgbésí ayé wọn sábà máa ń gùn nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí kò lówó lè máà ní ìlà kan. Mo gbà pé ìwé wọ̀nyí ti fa kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ọlọ́lá nìkan ló tẹ ilẹ̀ náà dó. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ lọ fi ìwé ilẹ̀ wádìí rẹ̀.

Chronicling America, ti Library of Congress, ní ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ìpolówó ṣọ́ọ̀bù, ìkéde pé òṣìṣẹ́ méjì tú àjọṣe wọn ká, ìkéde ọmọ iṣẹ́ tó sá.

Ibojì Free Frank wà nítòsí Barry, ìjọba sì fi í sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1988. Orí òkúta ibojì, ọjọ́ ikú máa ń ṣeé gbára lé ju ọjọ́ ìbí lọ. Ẹ má retí ìwé ẹ̀rí ikú: 1877 ni òfin Illinois tó ní kí káúńtì máa kọ ìbí àti ikú, 1916 ni ìpínlẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ti ìgbéyàwó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, atọ́ka rẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti 1763, ó dé 1900.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ẹ ó ṣe rí ìwé náà gbà

FamilySearch ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ; ọ̀fẹ́ ni, ìjọ Mormon ló ni ín. Ẹ má tẹ orúkọ nìkan. Ẹ ṣí Catalog, kí ẹ tẹ Pike County, Illinois, kí ẹ wá ilẹ̀, ogún àti kọ́ọ̀tù; ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ kò tíì ní atọ́ka orúkọ. Full-Text Search wọn ń ka ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ẹ lè tẹ orúkọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi blacksmith. USGenWeb, tí àwọn olùyọ̀ǹda ń bójú tó, ní ojúlé fún káúńtì kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ fúnra yín, ẹ pe ilé ẹjọ́ ṣáájú. Ẹ béèrè ibi tí ìwé àtijọ́ wà, torí ní Illinois, ọ̀pọ̀ ti lọ sí àwọn ilé ìkówèépamọ́ tó wà ní yunifásítì. Ẹ kí akọ̀wé dáadáa, kí ẹ má ka gbogbo ìtàn ìdílé fún un. Orúkọ kan, irú ìwé kan, àárín ọdún kan sí èkejì ti tó.

Bí ẹ bá bá ọkùnrin méjì olórúkọ kan náà pàdé nínú káúńtì kan, ẹ ya òpó méjì sórí bébà. Ẹ to ilẹ̀, ìyàwó, iṣẹ́, aládùúgbò àti ìbuwọ́lù sábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìdílé tàn yín jẹ. Smith kì í sábà jẹ́ alágbẹ̀dẹ mọ́ ní 1850, Cooper kò sì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń kan àgbá.

Lórí gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà, ẹ kọ orúkọ káúńtì, irú ìwé, nọ́ńbà ìwé, ojú ewé, àti ọjọ́ tí ẹ rí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìtàn káúńtì náà, pẹ̀lú orúkọ tó tọ́ bí èyí tó wà nínú atọ́ka wọn bá ṣì.